Lẹ́bú Igi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbé: Ìtàn Ìrísí Rẹ̀ àti Ìwọ̀n Ẹ̀rí Tí Ó Lè Jẹ́

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàì mọ àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn arọ́kin wà, oríkì orílẹ̀ wà, ẹsẹ Ifá wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn náà wà tí wọ́n ń hú àpáàdì àti irin jáde nínú ilẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni Samuel Johnson ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Ní ọdún 1921 yìí kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilẹ̀ Súwídìn, Gunnar Erdtman, tẹ iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé jáde. Ẹlẹ́rìí mìíràn tí kò ní ẹnu ni iṣẹ́ náà dá lé lórí: eruku tí ó ń jáde lára akọ òdòdó igi, tí afẹ́fẹ́ gbé lọ, tí ó bọ́ sínú irà, tí ẹrẹ̀ sì bò mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ẹlẹ́rìí tí à ń wí yìí kì í purọ́, síbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ dọ́gba lórí gbogbo igi. Ó ń pariwo lórí àwọn kan, ó ń dákẹ́ lórí àwọn mìíràn, ohun tí ó sì fà á wà nínú ìrísí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìrísí tí ojú lásán kò lè rí. Ẹni tí kò bá mọ bí eruku náà ti rí, àti bí àwọn onímọ̀ ṣe dé ìdí ìrísí rẹ̀, kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí à ń kọ́ni ní èdè àti àṣà, nítorí pé ọ̀kan nínú àríyànjiyàn tí ó dá lé e lórí ni ti ọ̀pẹ: kí ni ó sọ ọ̀pẹ di púpọ̀ nínú igbó ilẹ̀ wa, ọ̀dá ni tàbí ọwọ́ ọmọ ènìyàn?

Ọ̀rọ̀ lórí orúkọ

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ohun tí a ó máa pe eruku yìí. Pollen tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ọ̀rọ̀ Látìn ni. Ìyẹ̀fun tí ó kúnná ni ó túmọ̀ sí ní èdè náà. Bí a bá ní kí a tẹ̀lé Látìn, ìyẹ̀fun òdòdó ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí a lọ̀ ni ìyẹ̀fun, ẹnikẹ́ni kò sì lọ eruku yìí. Odindi ni hóró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ti inú òdòdó wá, kì í ṣe èérún nǹkan mìíràn. Àtíkè òdòdó kò burú, àmọ́ ohun ìpara ni àtíkè, ó sì lè ṣi ẹni tí ń kà á lọ́nà. Lẹ́bú ni a yàn níhìn-ín, láti inú lẹ́búlẹ́bú tí à ń sọ bí ohun kan bá kúnná tán pátápátá. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni a ó máa pè ní hóró lẹ́bú.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù pàápàá kò tètè rí orúkọ fún ẹ̀kọ́ náà. Ó di 1944 kí H. A. Hyde àti D. A. Williams, ní Cardiff ní ilẹ̀ Wales, tó ṣẹ̀dá palynology láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Gíríìkì kan tí ó túmọ̀ sí kí a wọ́n nǹkan káàkiri, bí ẹni ń wọ́n ìyẹ̀fun. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n gbé e kà. Ìyẹn yẹ kí ó wú onímọ̀ èdè Yorùbá lórí, nítorí pé láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwa náà ti ń ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa.

Láti ọ̀dọ̀ Grew dé ọ̀dọ̀ Fritzsche

Pé igi ní akọ àti abo kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn àgbẹ̀ Mesopotámíà àtijọ́ ti ń gun ọ̀pẹ déètì láti gbọn òdòdó akọ sórí òdòdó abo kí èso lè so. Wọ́n mọ iṣẹ́ tí eruku náà ń ṣe. Bí ó ti rí ni wọn kò mọ̀, nítorí kò sí awò. Bí a bá to ogójì hóró lẹ́bú igi birch, igi kan tí ó wọ́pọ̀ ní àríwá Yúróòpù, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gígùn gbogbo wọn kò ní í ju mílímítà kan lọ.

Awò máíkírósíkóòpù ni ó yí ọ̀ràn padà. Láàrin 1670 sí 1682, Nehemiah Grew ní Ìlú Ọba àti Marcello Malpighi ní Bologna ní Ítálì gbé òdòdó sábẹ́ awò, láìjẹ́ pé ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún èkejì. Nínú ìwé ńlá tí Grew tẹ̀ jáde ní 1682, ó ya àwòrán hóró lẹ́bú, ó sì ṣàkíyèsí pé ìrísí rẹ̀ kì í yí padà láàrin irú igi tàbí ewéko kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ó yàtọ̀ láti irú kan sí èkejì. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Bí kì í bá ṣe pé igi kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá tí lè ka ẹrẹ̀ bí ìwé.

Lẹ́yìn èyí ni ti Rudolf Jakob Camerarius, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Tübingen ní Jámánì. Ó rí igi mulberry abo kan tí kò sí akọ nítòsí rẹ̀: igi náà so èso, ṣùgbọ́n àwọn hóró inú èso náà ṣófo. Ó wá gbé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò lára àwọn ewéko mìíràn. Ó ré òdòdó akọ kúrò lára lárà, ó gé irun kúrò lórí ọmọ àgbàdo, kò sì rí hóró tí ó gbó. Lẹ́tà tí ó kọ ní 1694 ni ó fi kéde pé lẹ́bú ni akọ, àti pé láìsí i, abo kò lè lóyún. Ìbátan ìrókò ni igi tí ó kọ́kọ́ là á lójú yìí. Inú ẹbí Moraceae kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìrókò náà ní akọ lọ́tọ̀, ó ní abo lọ́tọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń gbé lẹ́bú láti orí akọ lọ sórí abo. Ṣíṣù òdòdó akọ rẹ̀ máa ń rọ̀ dirodiro bí ìrù. Ti abo kúrú, ó sì ki. Ká ní ọmọ Oǹdó ni Camerarius, ìrókò ni ìbá fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò fi nǹkan púpọ̀ kún ohun tí a mọ̀ nípa ìrísí hóró náà, nítorí awò ìgbà náà kò mọ́ tó. Ní ọdún 1830 sí 1840 ni iṣẹ́ tún gbóná. Hugo von Mohl tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1834. Ní 1837, Julius Fritzsche ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà sọ èyí tí a ń lò títí di òní: pé èèpo méjì ni ó bo hóró lẹ́bú. Èèpo òde le, òun ni ó ní iṣẹ́ ọnà lára; èèpo inú rọ̀, òun ni ó ń yọ jáde láti ojú ihò bí ọ̀mùnú nígbà tí hóró náà bá bà lé orí abo. Fritzsche ni ó fún àwọn èèpo méjèèjì ní orúkọ tí gbogbo ayé sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n, exine fún ti òde, intine fún ti inú.

Ìrísí hóró lẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ya lẹ́bú afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀, ó dára kí a kọ́kọ́ wo lẹ́bú tí kòkòrò ń gbé. Ti ilá wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo wa. Hóró rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú tí ó mú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ẹ̀gún ṣóńṣó ni ó yí i ká, epo sì wà lára rẹ̀ tí ó ń mú un lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá kàn án. Ẹni tí ó bá ti ki ìka bọ inú òdòdó ilá rí mọ ohun tí à ń wí. Ẹ̀gún àti epo yìí ni ó ń jẹ́ kí ó bá irun ara kòkòrò lọ. Lẹ́bú igi afẹ́fẹ́ kò ní irú èyí. Ó gbẹ, epo ara rẹ̀ kò tó nǹkan, ara rẹ̀ kò ní ẹ̀gún ńlá, nítorí náà hóró kan kì í lẹ̀ mọ́ èkejì. Bí a bá gbọn ẹ̀ka igi náà ní ọjọ́ tí oòrùn mú, ṣe ni yóò rú bí èéfín.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà kì í ṣe ti ṣákálá. Hóró tí ó tóbi kì í pẹ́ lófuurufú: bí ìbú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìyára tí ó fi ń bọ́ sílẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. A lè wá béèrè pé èéṣe tí kò fi kéré bí èéfín gan-an. Ìdáhùn ni pé ohun tí ó bá kéré jù a máa bá afẹ́fẹ́ yà gba ẹ̀gbẹ́ òdòdó abo kọjá, kò ní í kọlù ú. Láàrin ìṣòro méjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ́bú igi afẹ́fẹ́ há sí, tí ìbú wọn fi wà láti 20 sí 40 maikirọ́ọ̀nù. Ẹgbẹ̀rún maikirọ́ọ̀nù ni ó wà nínú mílímítà kan.

Ojú ihò ara èèpo òde ni àwọn onímọ̀ fi ń dá igi mọ̀, bí a ti ń fi ilà ojú dá ọmọ ìlú kan mọ̀ nígbà kan rí. Birch ní ihò mẹ́ta tí wọ́n jìnnà síra lọ́gbọọgba ní ìbàdí rẹ̀. Etí ihò kọ̀ọ̀kan nípọn, ó wú síta, yàrá kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ láàrin ìpele méjì èèpo òde. Alder, tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, sábà máa ń ní mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìgbànú tí ó nípọn sì tẹ̀ bí ọrun láti etí ihò kan dé etí èkejì. Óákù kò ní ihò róbótó bí tiwọn. Ìlà jíjìn mẹ́ta ni ó ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ọgbà àwọn yunifásítì wa kan, igi kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní páìnì nítorí pé ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, ó sì máa ń súfèé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Casuarina ni igi náà, kì í ṣe páìnì rárá. Lẹ́bú rẹ̀ ni ó tú u fó: ihò ni ó ní bíi ti birch, kò sì ní àpò.

Páìnì gidi ni ó ní àpò. Hóró rẹ̀ tóbi ju ìwọ̀n tí a sọ lókè lọ, láti 50 dé 80 maikirọ́ọ̀nù bí a bá ka àpò rẹ̀ mọ́ ọn. Ara kan wà láàrin, àpò méjì sì wú síta ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí etí ńlá méjì lára orí kékeré. Inú èèpo òde gan-an ni àpò náà ti wú: ìpele òkè ṣí kúrò lára ìpele ìsàlẹ̀, bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí ti ń wú, àwọn ògiri tín-ínrín sì dábùú inú rẹ̀ bí afárá oyin. Fún ìgbà pípẹ́ ni a fi gbà láìjiyàn pé ìyẹ́ ni àpò wọ̀nyí jẹ́. Ní 2007 àti 2010 ni ìwádìí méjì jáde tí ọ̀kan kọjú sí afẹ́fẹ́, tí èkejì kọjú sí omi. Ti àkọ́kọ́ fi hàn pé lóòótọ́ ni àpò náà ń dín ìyára tí hóró fi ń bọ́ sílẹ̀ kù. Èkejì, tí Andrew Leslie ṣe, tẹnu mọ́ ohun mìíràn. Abo irú àwọn igi wọ̀nyí máa ń sun ẹ̀kán omi kan síta, ẹnu ibi tí omi náà ti ń sun a sì dorí kodò. Hóró tí ó ní àpò a léfòó gba inú omi náà gòkè lọ sí ibi tí ẹyin wà, ọ̀nà a sì há mọ́ èyí tí kò ní àpò. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ohun kan kò fi lè ṣe iṣẹ́ méjì. Igbá tí a fi ń bu omi náà ni a fi ń bo ìkòkò.

Ihò àti ìlà ara èèpo kò wà fún ẹwà. Roger Wodehouse, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1935 pé ibẹ̀ ni hóró ti ń ká sínú bí ó bá ń gbẹ lójú ọ̀nà, tí ó sì ń ṣí padà bí ó bá rí omi, láìjẹ́ pé èèpo líle náà fọ́. Ohun tí awò oníná kò lè fi han Wodehouse di mímọ̀ lẹ́yìn tí awò onílẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń wo òde ara nǹkan dé ọjà ní 1965, láti ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge. Awò yìí fi hàn pé ara birch tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní dídán kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò lórí ìlà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, tí wọ́n kéré débi pé awò àtijọ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èèpo tí kì í jẹrà

Irin-àjò hóró lẹ́bú lè má ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ìyanu ibẹ̀ ni pé èèpo tí a dá fún irin-àjò kúkúrú yìí lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Fritz Zetzsche pe ohun tí a fi ṣe èèpo òde ní sporopollenin. Ásíìdì kì í tètè jẹ ẹ́, kòkòrò tí ń mú nǹkan jẹrà kì í sì lè rí i jẹ níbi tí omi bò tí afẹ́fẹ́ kò dé. Lẹ́bú páìnì ni àwọn onímọ̀ kan ní Massachusetts fi ṣàlàyé bí àwọn ẹyọ inú ohun náà ṣe so kọ́ra nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ tí ó tún ń tutù ni èèpo yìí ti máa ń bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń wá lẹ́bú lọ sí ìsàlẹ̀ adágún, irà àti òkun dípò ilẹ̀ oko.

Láti inú irà ni Lennart von Post, ọmọ Súwídìn, ti gbé ọgbọ́n tirẹ̀ jáde níbi ìpàdé kan tí ó wáyé ní 1916 ní Kristiania, ìlú tí a ń pè ní Oslo láti 1925. Àwọn kan ti ń ka lẹ́bú inú irà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí von Post ṣe ni pé ó ka hóró igi kọ̀ọ̀kan ní ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sọ iye náà di ìdá ọgọ́rùn-ún, ó sì yà á sórí àtẹ. Lójú kan náà ni ènìyàn lè rí bí birch àti páìnì ṣe kọ́kọ́ gba ilẹ̀ lẹ́yìn tí yìnyín ńlá yọ́, tí hazel dé, tí elm àti óákù tẹ̀ lé e. Erdtman ni ó wá gbé ọgbọ́n náà káàkiri ayé. Ní 1934 ó gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi ásíìdì méjì jó gbogbo ohun tí ó wà lára hóró àti nínú rẹ̀ dànù, tí ó fi ku èèpo òde nìkan lójú awò. Ọ̀nà náà ni a ṣì ń lò. Ní 1937 ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Gothenburg lọ sí New York, ó gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku nínú ilé dání, ó ń fi fa afẹ́fẹ́ òkun. Ó rí lẹ́bú igi ní àárín òkun Àtìláńtíìkì.

Ohun tí ó rí yìí kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ fún òpìtàn. Bí lẹ́bú bá lè dé àárín òkun, a jẹ́ pé igi tí lẹ́bú rẹ̀ wà nínú irà kan lè má hù ní ẹ̀bá irà náà rárá. Páìnì ni ó burú jù nínú èyí. Ní ìhà kejì, igi kan wà nínú igbó Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní lime, tí kòkòrò ń gbé lẹ́bú rẹ̀. Díẹ̀ ni hóró rẹ̀ máa ń jẹ́ lórí àtẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kún inú igbó. Ní 1963, Margaret Davis ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀: kí a fi iye lẹ́bú igi kọ̀ọ̀kan tí ó ń bọ́ sílẹ̀ lónìí wé iye igi náà gan-an nínú igbó òní, kí a sì fi ìwọ̀n tí a bá rí ṣàtúnṣe iye àtijọ́. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tún ìṣirò náà ṣe lọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti máa ka ìdá ọgọ́rùn-ún lẹ́bú bí ẹni pé ìdá ọgọ́rùn-ún igi ni.

Ẹrẹ̀ ilẹ̀ tiwa

Epo rọ̀bì ni ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀kọ́ náà gbòòrò ní Nàìjíríà. Nínú iṣẹ́ ńlá tí Germeraad, Hopping àti Muller tẹ̀ jáde ní 1968, lẹ́bú àtijọ́ láti Nàìjíríà, Borneo àti àgbègbè Karibíánì ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí àwọn ìpele ilẹ̀. Ti àwọn ènìyàn àti igbó wọn kò jẹ wọ́n lógún. Adébísí Ṣówùnmí ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ó mú ọ̀rọ̀ wá sí ibẹ̀. Ní 1973 ó tẹ àpèjúwe lẹ́bú àwọn igi Nàìjíríà jáde, irú ìwé tí kò sí ẹni tí ó lè ka ẹrẹ̀ wa láìní in. Ní 1981 ó tẹ ohun tí ó rí nínú ẹrẹ̀ tí a gbẹ́ jáde ní ẹnu odò Ọya jáde. Lára rẹ̀ ni pé ní nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn, lẹ́bú ọ̀pẹ ṣàdédé pọ̀ sí i. Èrò rẹ̀ ni pé àgbẹ̀ ni ó fà á: ènìyàn ṣán igbó, ọ̀pẹ tí ó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ sì gbilẹ̀. Jean Maley, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tiwọn, ọ̀dá tí ó mú ní àkókò náà ni ó ya igbó, ọ̀pẹ sì tètè wọ ojú àlàfo náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Níhìn-ín ni ìrísí hóró lẹ́bú ti di ọ̀rọ̀ ìtàn gidi. Lórí àtẹ ẹnu odò Ọya, igi etí omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ìyẹn Rhizophora, ni ó máa ń borí ohun gbogbo, nítorí lẹ́bú rẹ̀ kéré, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì wà ní etí ibi tí à ń gbẹ́. Podocarpus, tí ó ṣì wà lórí àwọn òkè gíga ìhà Mambilla àti ní Kamẹrúùnù, ní àpò lára lẹ́bú rẹ̀ bíi ti páìnì. A sì ń rí i nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun níbi tí kò sí òkè kankan. Àràbà wá ńkọ́? Àdán ni ó ń bẹ òdòdó àràbà wò lóru. Àdán ni ti igi irú pẹ̀lú, oyin ni ti emi. Igi tí à ń pè ní bàbá nínú igbó lè má ní ju hóró kan tàbí méjì lọ lórí àtẹ, nígbà tí igi etí òkun ní ẹgbẹ̀rún.

Ọ̀pẹ wà láàrin méjèèjì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro rẹ̀ wà. Hóró rẹ̀ rí bí igun mẹ́ta, ojú ìlà kan tí ó ya sí ọ̀nà mẹ́ta sì wà lórí rẹ̀, nítorí náà kì í ṣòro láti dá mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn gbà pé afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Ní Màléṣíà, níbi tí a kó ọ̀pẹ lọ láti Áfíríkà láìkó kòkòrò rẹ̀ dání, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọ́n lẹ́bú sórí òdòdó abo. R. A. Syed ni ó fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní 1979 pé ní Kamẹrúùnù, kòkòrò kékeré onímú gígùn kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1981 ni wọ́n tú kòkòrò náà sílẹ̀ ní Màléṣíà, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ lẹ́bú ọ̀pẹ pọ̀ gan-an, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa bá afẹ́fẹ́ àti omi lọ. Bí lẹ́bú igi tí kòkòrò ń gbé bá wá pọ̀ sí i nínú ẹrẹ̀, kò rọrùn láti sọ pé afẹ́fẹ́ ni ó gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pẹ ní láti pọ̀ sí i lóòótọ́ ní àgbègbè tí omi ti ń ṣàn wá. Ibi tí ẹ̀rí Ṣówùnmí ti lágbára nìyí. Ṣùgbọ́n hóró kan náà ni ọ̀pẹ tí ènìyàn gbìn àti ọ̀pẹ tí ó lalẹ̀ hù ń mú jáde, kò sí awò tí ó lè yà wọ́n. Lẹ́bú lè sọ pé ọ̀pẹ pọ̀, kò lè sọ ẹni tí ó ṣán igbó.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn ni a ní láti pè sí i. Lẹ́bú inú adágún Sélé ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, tí Salzmann àti Hoelzmann ṣàlàyé ní 2005, fi hàn pé igbó ńlá wà níbẹ̀ rí, kí ó tó ya sí ọ̀dàn láti nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Ní Ahanve lẹ́bàá Badagry, Ṣówùnmí fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2004 pé igi etí omi iyọ̀ pòórá ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀dá náà mú nígbà náà, a kò lè sẹ́ ẹ. Ẹ̀wẹ̀, ènìyàn ti wà ní Ìwó Eléérú lẹ́bàá Àkúrẹ́, níbi tí Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1965, ó ti lé ní 11,000 ọdún. Àwọn ará Kintampo ní ilẹ̀ Gánà sì ti ń fi èkùrọ́ jíjó sílẹ̀ nínú eérú wọn kí lẹ́bú ọ̀pẹ tó pọ̀ ní ẹnu odò Ọya. Ní èrò tiwa, ojú ni ọ̀dá ṣí sílẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni kò jẹ́ kí ojú náà padé mọ́. Èkùrọ́ inú eérú ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ní ojúlé. Lẹ́bú kò ní.

Ìrókò ni ó kù. Igi afẹ́fẹ́ ni, lẹ́bú rẹ̀ pọ̀, ó sì gbẹ. Ó yẹ kí a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete nínú ẹrẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n hóró rẹ̀ kéré, ó dán, ihò rẹ̀ kò ní àmì kan tí ó ta yọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ti ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí ń kà á lábẹ́ awò oníná kì í lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìrókò ni, Moraceae ni yóò kọ sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ àtẹ, abẹ́ orúkọ ẹbí yìí ni ìrókò wà, láàrin àwọn ìbátan rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bọ rí.